Gbogbo Àléébù Ẹṣin Àlàájì Àkíbù

Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Ashaiman, lẹ́bàá Accra, tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí Àlàájì Àkíbù lọ ra àgbò ọdún Iléyá, tó sì fa ẹṣin wálé. Àlàájì, tó ti di olóògbé báyìí, ti wà láàárín ọjà ẹran, ó ti ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn àgbò kan wò, nígbà tó gbọ́ tí Mutala tó ń ta ẹran ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹṣin òun kò ní àléébù kankan. Etí òkun ni wọ́n ti ń fi ẹṣin náà gbé àwọn tó ń gbafẹ́ kiri tẹ́lẹ̀.

Bí Àlàájì bá ti gbọ́ "kò ní àléébù", ara rẹ̀ kì í gbà á. Ó fi àgbò sílẹ̀, ó yí ẹṣin po, ó ní ojú òsì rẹ̀ ti fọ́. Ó gbé etí lé ìhà rẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn gbọ́ bó ṣe ń mí bí ẹni tó ní ikọ́ fée. Ó fi pátákò tó sán hàn wọ́n. Ibẹ̀ ni ẹṣin ti ta á nípàá. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi ìpá títa kún ohun tó ń sọ. Kó tó parí, àwọn oníbàárà ti túká.

Mutala káwọ́ lérí. Anago ni àwọn ará Ghana ń pe Yorùbá. Ó ní, "Àlàájì Anago, gbogbo ẹni tó fẹ́ gùn ún lẹ ti lé lọ yìí. Ó ku alápatà, àbí kó ku ẹ̀yin."

Àlàájì wo ẹṣin, ẹṣin náà fi ojú kan wò ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó àgbò nìyẹn. Nígbà tó délé, Hájíà Fáòsíà, ìyàwó rẹ̀, béèrè àgbò ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàájì ní èyí náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Adìẹ ni wọ́n fi ṣọdún lọ́dún náà.

Ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù ni Àlàájì ń tà ní ọjà Odawna ní Accra. Bàbá rẹ̀ tó ti Ìlọrin wá sí Accra ló kọ́ ọ pé Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ ta ọjà láì sọ àléébù rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á. Àwọn ontajà yòókù máa ń sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yin ọjà tán. Àlàájì kì í yin nǹkan kan. Oníbàárà kò ní tíì kí i tán tí yóò ti sọ fún un pé ẹ̀rọ yìí ń já òwú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbìyànjú láti torí àléébù ọ̀hún dín owó rí ìjà. Àlàájì á ní, "Èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ. O ò lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi kí o tún fi bá mi nájà." Aránṣọ kan bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kó ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Àlàájì ní bí kò bá gbọ́, òun yóò tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Sùúrù ni Àlàájì sọ ẹṣin náà, bóyá orúkọ á rò ó. Kò rò ó. Àlàájì ń bu omi wọ́n koríko rẹ̀ kí eruku má baà mú un húkọ́, ọwọ́ ọ̀tún ló sì ń gbà sún mọ́ ọn, nítorí ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ ojú tó fọ́ wá ló ń ta nípàá. Láràárọ̀, á dúró níwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Sherifa, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, bi í pé ta ló ń fi "ẹ" kí ẹran. Bàbá ní láàárín àwọn ẹṣin, àgbà ni. Accra ni wọ́n bí Sherifa sí, ó sì ti jẹ ìbáwí rí nítorí pé ó fi "o" kí ìyá arúgbó kan, nítorí náà kò lè jiyàn.

Nígbà tó yá, àìsàn ọkàn dé sí Àlàájì. Dókítà ní kó jìnnà sí wàhálà, Hájíà sì nawọ́ sí ẹṣin. Onílé náà ní òun kò fẹ́ rí ẹṣin mọ́, nítorí Sùúrù ti ta táǹkì omi fọ́. Bí Sherifa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gba ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ó rò pé ọ̀fẹ́ kì í ṣòro.

Tòkunbọ̀ tí wọ́n jọ wà ní báńkì wá wò ó fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àlàájì fún un ní àga, ó fún un lómi tútù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú, ó bá a dé orí pátákò. Tòkunbọ̀ ní òun á lọ rò ó. Ó ti wọ mọ́tò kí Àlàájì tó sáré lé e, ó ní òun kò tíì sọ pé ó máa ń jẹ fìlà. Àwọn mìíràn wá, wọ́n sì lọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan láti ọ̀nà Dodowa tilẹ̀ jókòó láàárọ̀ títí wọ́n fi pèrun Àílà lọ́sàn-án, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Sherifa bẹ bàbá rẹ̀ títí. Ó ní, "Baba, please, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹ̀ ná."

Bàbá ní, "Tí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, kí ni wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tán?"

Lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, ó di ọwọ́ Sherifa mú. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹṣin náà padà sí ọjà ẹran, kò sì gbọdọ̀ purọ́ fún ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Sherifa gbà. Ìgbà tó jáde ló rí i pé ẹ̀jẹ́ méjì tó ń bá ara wọn jà ni òun jẹ́.

Àlàájì kú. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, Mutala wá kí wọn. Ó sunkún tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń yà sí ọ̀dọ̀ ẹṣin, ó ń fojú wọn ẹran ara rẹ̀. Ó rọra sọ fún Sherifa pé òun lè bá wọn gbé e kúrò. Onílé gbọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n nìyẹn, kó má kọjá ọjọ́ Jímọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu géètì. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ní Morónfólú lorúkọ òun, òun gbọ́ pé wọ́n ṣì ń fi ẹṣin tọrẹ. Sherifa wo Sùúrù. Koríko tútù ló jẹ, kò húkọ́ láti àárọ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọlúàbí, ojú rẹ̀ tó ríran ló kọ sí àlejò. Bí Sherifa bá lè pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀ràn parí. Ó pa ẹnu mọ́. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má gba ọwọ́ òsì. Ojú yẹn fọ́, ó máa ń ta ìpá. Ó ní ikọ́. Pátákò ẹ̀ sán. Ẹ ṣí gèlè yẹn, ó máa jẹ ẹ́."

Morónfólú rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún ló ti dúró sí kí Sherifa tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀, Àlàájì ti ro gbogbo rẹ̀ fún òun lọ́jọ́ tí òun wá láti Dodowa, nígbà tí Sherifa wà lẹ́nu iṣẹ́. Òun ní abo ẹṣin arúgbó kan lóko, ó ń wá ẹnìkejì, ẹnikẹ́ni kò sì ní gun Sùúrù níbẹ̀. Àwọn tí òun lọ bá lẹ́yìn Àlàájì ní ẹṣin tiwọn kò lábùkù. Èyí tí òun gbà nínú wọn fo ọgbà lọ́jọ́ tó dé, kò padà wá mọ́.

Ó ní, "Bàbá yín nìkan ni mo gbà gbọ́. Ǹjẹ́ èwo ni wọ́n gbàgbé?"

Sherifa ronú. Ọ̀kan wà tí Bàbá kò lè mọ̀. "Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, ní ìrọ̀lẹ́, àsìkò tí ọkọ̀ trotro máa ń já wọn sílẹ̀, ẹnu géètì ló máa ń dúró sí. Kì í jẹun rárá, koraa, àfi tí ẹnì kan bá kí i. 'Ẹ' la fi ń kí i."

Morónfólú ní ìyẹn kì í ṣe àléébù. Sherifa ní Bàbá á ti sọ ọ́.

Wọ́n gbé pákó ti ọkọ̀, Sùúrù kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fà á, wọ́n bẹ̀ ẹ́, awakọ̀ pàdánù fìlà rẹ̀. Nígbà náà ni Morónfólú bọ́ síwájú rẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ orúnkún, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa relé."

Ẹṣin náà mí kanlẹ̀, ó sì gun pákó lọ.

Sherifa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ara tù ú, ó jókòó sí ẹnu géètì. Kò tún mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun, ó sáà mọ̀ pé òun fẹ́ràn bàbá òun, òun sì ti mú ẹ̀jẹ́ méjèèjì ṣẹ. Hájíà Fáòsíà dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ọkọ̀ fi yà sí títì. Ó yíjú sí ibùjẹ koríko tó ti ṣófo, ó sì rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ ọ́.

"Àlàájì, wọ́n ti gbà á o. Pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀."