Bíírò Pupa Lórí Ìwé Larai

Kamaldeen Ọlábíyìí kì í jókòó kọ́ni. Bó bá ti wọ kíláàsì, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé ni, láti ojú fèrèsé padà sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. "Malam Kai-Kawo" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, ìyẹn olùkọ́ alálọ-alábọ̀. Ó mọ̀, kò bínú. Kofar Doya ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń tún rédíò ṣe. Ọdún kẹtàlá rè é tó ti ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Arkilla, nílùú Sokoto.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lé ní àádọ́jọ. Kọ̀ǹpútà méjìlá ló wà, márùn-ún péré ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹn bí iná bá wà. Nítorí náà, ojú pátákó ni Kamaldeen ń kọ ètò sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí láìku ẹyọ kan, bí wọ́n ṣe há súrà sórí láti ojú wàláà nílé kéwú. Tó bá di ìdánwò, wọ́n á tún dà á sórí bébà. Kí ọwọ́ àwọn olùkọ́ tó ń máàkì má bàa yàtọ̀ síra, ìwé ìdáhùn kan ni wọ́n jọ ń wò, Kamaldeen ló sì kọ ọ́. Ìlà tó bá bá a mu gba máàkì. Èyí tí kò bá a mu gba òdo.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́. Nínú oṣù karùn-ún ọdún yìí, ó ní òun á dán nǹkan mìíràn wò. Ó pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ ètò tí wọ́n ti há sórí sínú ẹ̀rọ. Ètò náà ń ṣírò ìpíndọ́gba ooru ọjọ́ méje ní Sokoto. Mẹ́tàlélógójì ni ti ọjọ́ tó mú jù nínú wọn. Ẹ̀rọ ní ìpíndọ́gba jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta.

Kamaldeen dúró gbagidi.

"Ta ló rí i pé nǹkan ò tọ́ níbẹ̀?"

 Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nana dáhùn ní Hausa, ojú rẹ̀ nílẹ̀. "Gbogbo wa la rí i, Malam. Ọjọ́ méje lẹ kó jọ, mẹ́fà lẹ fi pín in."

"Ẹ rí i, ẹ wá dákẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Malam. Ta ni yóò sọ fún olùkọ́ pé ó ṣì í? Ẹ̀gbọ́n mi Larai kọ méje nínú ìdánwò lọ́dún tó kọjá. Ó féèlì. Bàbá wa ní kó wá jókòó sílé."

Òótọ́ ni. Nígbà tó kọ́kọ́ kọ ètò náà, ó yọ Jímọ̀ sílẹ̀ torí pé ìrun kì í jẹ́ kó ráyè wọn ooru lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi Jímọ̀ kún un, kò rántí yí iye tó fi ń pín in padà.

Ó wá ìwé ìdánwò Larai kàn nínú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí. Mẹ́rìndínlógójì ló gbà; ogójì ló yẹ kó gbà kó tó yege. Máàkì mẹ́jọ ló wà lórí ìlà tó ti fi méje pín in. Níwájú rẹ̀, ọwọ́ Kamaldeen fúnra rẹ̀ ti fi bíírò pupa kọ òdo, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Máa ka ìwé rẹ.*

Oorun tó sùn mọ́jú ọjọ́ kejì kò tó nǹkan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá olórí ẹ̀ka, Alhaji Abdulrazaq, ará Ìlọrin.

"Jókòó, Kamaldeen. Ìrìn rẹ yìí ń dá kún ooru mi."

Kò jókòó. Ó rò ó látòkèdélẹ̀.

Alhaji gbé bíírò rẹ̀ kalẹ̀. "Àwọn tó kọ mẹ́fà tí wọ́n gba máàkì lé ní ogóje. Ṣé o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn nítorí ẹnì kan?"

"Rárá o, Alhaji. Ohun tí mo kọ́ wọn ni wọ́n kọ. Kí ẹ fún Larai ní tirẹ̀ ni mo wí."

"Ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ò ní yí èsì padà láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ̀wé pé òun ló jẹ̀bi. Ìgbéga rẹ sì wà lórí tábìlì wọn lóṣù yìí. Ṣé o ò lè ní sùúrù kó kọjá ná?"

"Ọmọ náà ti wà nílé fún oṣù mẹ́sàn-án, Alhaji."

"Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, etí yín ti le jù." Ó ti bébà sí i. "Ó yá, kọ ọ́. Kí n má sì rí ẹ níwájú mi mọ́ lónìí."

Orí ìdúró ló wà tó fi kọ ọ́ tán.

Ìgbìmọ̀ tún èsì Larai ṣe. Wọ́n ní kí ìgbéga Kamaldeen dúró di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà wọn jáde, òun àti Nana wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé àwọn ọmọ náà ní Gawon Nama. Bàbá wọn gbà á lálejò nínú zaure, yàrá àbáwọlé. Larai jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára fìlà. Kamaldeen sọ ohun tó gbé e wá, ó sì bẹ Larai.

"Olùkọ́ ń bẹ akẹ́kọ̀ọ́?" ni bàbá wí. "Subhanallahi!"

Larai kò gbójú sókè. "Malam, bí mo bá padà wá, ṣé orí bébà náà ni ìdánwò?"

Ọ̀rọ̀ dídùn wá sí Kamaldeen lẹ́nu, ó gbé e mì. "Orí bébà náà ni, títí di ìsinsìnyí."

"Bí mo bá tún kọ ohun tó yàtọ̀ sí tiyín ńkọ́?"

"A ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ kí a tó fún un ní máàkì. Bí iná ò bá sí, a ó dúró de iná."

"Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi, Malam, kí ẹ sì buwọ́ lù ú."

"Larai!" Bàbá rẹ̀ yíjú sí i.

Ṣùgbọ́n Kamaldeen ti ń bèèrè bébà lọ́wọ́ Nana.