Orin tí Bàbá Mi Kò Lè Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó sọ pé àwọn olórin àgbà ìlú Bassila kò mọ orin kọ. Orin kan ṣoṣo lè gbà wọ́n ní ọ̀sán gbogbo. Baba onígìtá wọn á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á yà kúrò nínú rẹ̀, á máa lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, àwọn yòókù á sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Mo gbọ́ wọn ní Pénéssoulou lọ́jọ́ tí òjò lé gbogbo wa sábẹ́ òrùlé, tí wọn kò sì dáwọ́ orin dúró. Mo gbọ́ wọn ní Alédjo, níbi tí wọ́n ti pa wá lẹ́kún láìfi ọ̀rọ̀ kan kọrin. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ní Manigri nínú ọyẹ́ ni kò lẹ́gbẹ́, òun gan-an ni mi ò sì fẹ́ rántí.

Oko kajú bàbá mi wà lọ́nà Doguè. Ọdún yẹn ló yẹ kí àwọn igi náà so dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Òun ni bàbá mi gbójú lé, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún kò jẹ́ kó lè kọ ebè iṣu mọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí ọyẹ́ bá ti dé, a máa ń ro etí oko yíká, a ó gbá ewé gbígbẹ kúrò, kí iná má baà rọ́nà wọlé. Bàbá mi ro tiẹ̀ ku apá kan. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la fẹ́ lọ parí rẹ̀. Bí a ṣe ń kọjá lójú pápá Manigri, àwọn olórin náà ta gìtá.

Bàbá mi ní, “Jẹ́ ká gbọ́ díẹ̀.”

Díẹ̀ ọ̀hún ò tán. Òòrùn pọ́n, eérú sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lé wa lórí. Ìyá mi sáré wá.

“Bàbá wọn, ẹ ò rí èéfín yẹn ni?”

“Àwọn ọdẹ ló ń finá sígbó. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Jẹ́ kí àwọn olórin parí èyí.”

Ta ni kò mọ̀ pé àwọn yẹn kì í parí orin? Eérú bà lé fìlà baba onígìtá, kò lajú. Gìtá náà ń ké bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Atẹ́gùn yí padà, gbogbo wa mọ̀ ọ́n lára, kò sẹ́ni tó dìde. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, inú mi sì ń dùn.

Nígbà tí a fi dóko, ibi tí a kò ro yẹn ni iná gbà wọlé. Òdòdó kajú kò ku ẹyọ kan, ewé gbogbo ti ká jọ. Mo bínú sí bàbá mi, mo bínú sí àwọn olórin. Títí dòní, mi ò gbọ́ orin tó dára tó ìyẹn rí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìkérora láàárín oko iṣu wa kí n tó rí ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ló ń kọ ebè.