Bí Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Aránṣọ Ṣe Padà Sílé

Bí irọ́ tó tó orí abẹ́rẹ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí gbogbo aago tí mo ti tún ṣe láyé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sẹ́yìn. Aago tí mo ti tún ṣe kì í ṣe kékeré o. Mi ò kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kankan, síbẹ̀ àwọn tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá ń gbé aago tó bá borí wọn wá fún mi ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lókè pátápátá nínú ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ogójì ọdún ló fi ń gùn ún láràárọ̀, tó sì ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó wà lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, itan rẹ̀ le bí òpó. Bó bá ń tẹ maṣíìnì, kọ́tìnnì á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn ará ìsàlẹ̀ á sì sáré kó aṣọ wọlé, wọ́n rò pé òjò ló ń bọ̀.

Ọ̀wọ̀ ló ba ẹsẹ̀ yẹn jẹ́. Nígbà tó pé àádọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọ̀gá pátápátá ní ọ́fíìsì kan, ra maṣíìnì oníná fún un. Kí ìka ẹsẹ̀ kàn án báyìí, ó ti sáré lọ. Gbogbo wa yọ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó ṣe nǹkan kan mọ́. Bó bá nawọ́ sí korobá omi, wọ́n á ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí sísọ́ọ̀sì bá bọ́, ẹni mẹ́ta á kọlu ara wọn nílẹ̀ torí àtimú un. Màmá, ẹ jókòó. Màmá, ẹ jókòó. Ó jókòó títí iṣan itan rẹ̀ fi palẹ̀ ẹrù mọ́, tó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ dìde, àga ò jẹ́ kó lọ. Èmi àti Onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun ní agbedeméjì àtẹ̀gùn la jọ fà á dìde. Ọmọ rẹ̀ gbọ́. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun á kó màmá lọ sílé òun, òun á sì ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọkún. Ó kàn ń fọwọ́ pa tábìlì tó fi ń gé aṣọ lórí, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló ní kó fún òun ní oṣù mẹ́ta. Bí òun ò bá gun àtẹ̀gùn náà dókè láìdúró, láìsí ẹni tó ti òun lẹ́yìn, kó gba kọ́kọ́rọ́. Kíá lọmọ gbà, torí ó dá a lójú pé kò lè ṣeé ṣe.

Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń rán yúnifọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀ ló la ọ̀nà. Ó ní bí obìnrin bá ń dàgbà, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, iṣan a máa joro, bó bá sì wá jókòó sójú kan, á yára joro sí i. Ṣùgbọ́n iṣan àgbàlagbà ṣì máa ń gbọ́ràn bí a bá fún un níṣẹ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo kàn fẹ́ kí nọ́ọ̀sì náà rí ọ̀rọ̀ sọ ni. Ó ní kó máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, kó máa gbé ohun tó wúwo díẹ̀díẹ̀, kó má sì fi ẹyin àti ẹ̀wà ṣeré.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká wọ́ maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ jáde. Ó fi áyọ́ọ̀nù onírin méjì ṣe ẹrù gbígbé. Ǹ bá fi ìka kan gbé méjèèjì hàn án, ẹ̀yìn ló ń dùn mí lọ́jọ́ náà. Ìdìde-jókòó ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di mẹ́wàá. Àgbà ò sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìdúró kí ọmọlúàbí wà ní ìjókòó. Bó bá dìde, gbogbo oníbàárà á dìde. Bó bá jókòó, wọ́n á jókòó. Obìnrin kan tó wá gba bùláòsì bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá àdúrà la wà. Láàárín oṣù kan, kò sí oníbàárà tí itan rẹ̀ ò le. Ẹni tó bá sì gbàgbé, tó ní kí Màmá jókòó, ẹ̀gbọ́n mi á bi í pé: "Ṣé ìwọ lo máa bá mi gun àtẹ̀gùn?"

Oṣù mẹ́ta pé ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ dé, ó ní òun á tẹ̀ lé e lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, mò ń kà á. Títí dé ìkẹtàlá, ó ń lọ geere. Ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìgbésẹ̀ rẹ̀ falẹ̀. Ọmọ na ọwọ́.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀," ó ní, kò sì dúró.

Ó fi ọwọ́ kan itan, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó gbé ìkejì. Ní ogún, mo gbọ́ fìììì bíi táyà tó jò. Mo rò pé òun ni. Ọ̀gá ọ́fíìsì ni. Ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, táì ti yí sẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gun mẹ́fà tó kù, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wá wo ìsàlẹ̀.

"Ọmọ mi, ọdún mélòó lo ti fi jókòó ní ọ́fíìsì yẹn?"

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń rín ẹ̀rín. Nígbà tó dé òkè, kò mẹ́nu kan kọ́kọ́rọ́. Ó bi màmá rẹ̀ pé áyọ́ọ̀nù wo ló fúyẹ́ jù.

Bẹ́ẹ bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, Onígbàjámọ̀ tá à ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi wà láyé, ó le koko. Òun ló gbé omi tutù fún ọ̀gá. Ẹ bi í. Ẹ má kàn jókòó sórí àga rẹ̀ o, torí bó bá ti ń ròyìn, abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.