Ìwé Tí Mo Béèrè Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Ráájí

Ọdún tí owó epo gbẹ, tí iyọ̀ di ọ̀wọ́n gógó, lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Àrándùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi fún yín.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ìlú wa. Àwọn sójà ti já ilẹ̀kùn wa, wọ́n ń wá ṣúgà tí wọ́n ní a kó pamọ́. Inú bí wa. A bá fẹnu kò: òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò bá mú ìwé kóòtù wá, kò ní wọlé ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí onígbáméjì wọ̀lú. Wolé-wolé kan dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Ráájí, ó ní òun gbọ́ pé aláìsàn wà nínú ilé. Rábíátù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ni. Eléhàá ni, ọkùnrin àjèjì kì í rí ojú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sì wà l'Ékòó. Ìyá Ráájí bá ránṣẹ́ pè mí.

"Ìwé dà?" ni mo bi wolé-wolé.

"Tíṣà, bí irú àìsàn báyìí bá bẹ́ sílẹ̀, òfin gbà mí láyè láti wọlé láìsí ìwé."

"Irọ́! Òfin wo? Fi hàn mí!"

Kò mú ìwé òfin dání. Ìyá Ráájí wojú mi, ó ní, "Tíṣà, ohun tí o bá wí la ó ṣe."

Háà, èmi àti ìtọpinpin! Mo ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dí ẹnu ọ̀nà. Mo gun alùpùpù, ó di Ọ̀mù-Àrán, lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù kan tí mo mọ̀. A tú ìwé òfin títí a fi rí i. Òótọ́ ni wolé-wolé sọ! Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi tilẹ̀ dùn pé mo mọ nǹkan tuntun. Mo jókòó, mo dà á kọ.

Nígbà tí mo fi padà dé, omi ara Rábíátù ti gbẹ tán. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn náà, a jà títí ìjọba fi gbà pé obìnrin ni yóò máa wọlé eléhàá, àti pé wọn yóò máa kanlẹ̀kùn, wọn yóò sọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Mi ò kábàámọ̀ ìyẹn. Àmọ́ ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ojú sójà la fi wo wolé-wolé.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ Rábíátù, mo lọ kí Ìyá Ráájí. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Tíṣà, wolé-wolé ò mú ìwé wá. Ìwọ tí o ní kí wọ́n dí ẹnu ọ̀nà mi, ta ló fún ọ níwèé?"