Bàtà Nọ́ńbà Mọ́kànlélógójì

Ẹsẹ̀ ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ni mo wọ̀n ní Akébé, àdúgbò wa ní ìlú elédè Faransé tí à ń gbé, nígbà ìsinmi ńlá, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fún àwọn ọmọ ní bàtà ilé-ìwé. Àwọn ìyá àdúgbò ní kí n ṣe é torí pé mo kàwé dé girama, n kì í sì í kánjú. Mo gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró lórí páálí, mo fi bírò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, mo kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Obìnrin tó ń bójú tó ètò náà gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní ẹ̀dà kan, ó ní òun ò rí irú iṣẹ́ tó mọ́ báyìí rí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára jù nítorí rẹ̀ ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn: mọ́kànlélógójì. Ilé-ìwé rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ wọlé láìwọ bàtà dúdú tó bo ẹsẹ̀, sìlípáàsì nìkan ló sì ní. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà títí tí ìdánwò àkọ́kọ́ fi kọjá. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìwọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kún inú bọ́ọ̀sì méjì dé. Wọ́n ní àwọn yọ̀ǹda ara àwọn ni. Ẹ̀wù pupa kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Wọ́n da bàtà sórí tábìlì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tò. Mo na ìwé mi sí ọ̀kan nínú wọn.

“Màdámù, ẹ má ṣèyọnu,” ó fi Faransé dá mi lóhùn. “Ọjọ́ ayọ̀ lòní.”

Kálukú mú ọmọ tó wù ú, ó gbé bàtà tó sún mọ́ ọn fún un, wọ́n ya fọ́tò. Kí n tó ráyè kọjá, ó ti parí. Ọmọbìnrin náà di bàtà nọ́ńbà márùndínlógójì mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín torí wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín.

Mo fi ìyókù ọjọ́ náà àti òwúrọ̀ Àìkú lọ láti ojúlé dé ojúlé, mò ń pààrọ̀ bàtà bí ẹni pé èmi ni mo dà á rú. Mọ́kànlélógójì ni n kò rí. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan ni wọ́n gbé e fún.

“Àǹtí, bàbá ẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́,” ni ìyá ọmọ náà wí.

Télọ̀ ni bàbá náà, ní Rio, àdúgbò mìíràn nílùú wa. Mo wọ takisí lọ. Ó ń rán yunifọ́ọ̀mù, bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Ọ̀gá télọ̀, bàtà ọmọ yín dà?”

“Èyí náà ni, àǹtí. Ọlọ́run ṣeun, wọ́n rántí wa.”

“Ọmọ yín ńkọ́?”

“Á dàgbà débẹ̀.”

Télọ̀ kejì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Kó tó dàgbà débẹ̀, bàbá ẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́ di sìlípáàsì!”

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà fún bàbá náà.

“Àǹtí, èmi kọ́ ni mo pín in. Ẹ lọ bá àwọn tó pín in.”

Ohun tó bí mi nínú ni pé òótọ́ ló sọ. Mo pe obìnrin ilé-iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbé fóònù. Ó ní òpin ọ̀sẹ̀ ni, kí n kọ lẹ́tà, pé ètò náà lọ dáadáa gan-an, ṣé mo ti rí àwọn fọ́tò? Mo pa fóònù. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

Obìnrin kan wọlé wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀. “Ẹ̀yin ńkọ́, àǹtí, kí lẹ wá gbà?”

“Bàtà.”

“Lọ́dọ̀ télọ̀?”

Ẹlòmíì wọlé, ó bi mí, mo dáhùn bákan náà. Nígbà tí ẹni kẹta bèèrè, ọ̀gá télọ̀ bọ́ bàtà náà fúnra rẹ̀.

“Ẹ gbà, ẹ gbà! Ẹ fẹ́ lé oníbàárà mi lọ.”

“Kí lẹ máa wọ̀ délé?”

“Ṣé bàtà ni mo wọ̀ wá sáyé ni?”

Mo fún un ní bàtà nọ́ńbà méjìdínlọ́gbọ̀n tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀, tí mo gbà padà lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan.

Ó ti tẹ ẹ̀yìn bàtà náà wọlẹ̀. Nígbà tí mo gbé e délé, ìyá ìyá ọmọbìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Tuntun yìí mà ti tètè gbó o.” Mo gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, mo kùn ún, ó bọ́ sí ọmọ náà lẹ́sẹ̀ rẹ́gí. Ní Mọ́ńdè, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wò ó, ó wá yíjú sí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wọlé, kò bojú wẹ̀yìn.