Múlíkátù Tó Pọn Àbúrò Rẹ̀ Wá sí Ìsọlọ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ọmọ mi ní Àjàó Estate, mo ń gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ mi láti inú pálọ̀. Iṣẹ́ ilé tí wọ́n fún un ní ṣúkúù ló ń kà, ó sì ń kọ ọ́ lórin bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe: "Bàbá, ìyá, àti àwọn ọmọ wọn, àwọn ni ẹbí." Ó kà á, ó tún un kà. Nígbà tó ṣe, ó yọrí sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ wà nínú ẹbí wa?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó lọ bi tíṣà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe padà wọlé ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi, nítorí ọkàn mi ti lọ sí Ìsọlọ̀, sí agbo ilé wa àtijọ́, ó sì ti lọ bá Múlíkátù níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, Ìsọlọ̀ tí ẹ mọ̀ kọ́ ni Ìsọlọ̀ tí wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin mọ ilé tó fara ti ilé, ẹ mọ iléeṣẹ́ tó ń kùn tọ̀sán tòru. Nígbà tiwa, oko ẹ̀gẹ́ ló yí wa ká. Bí òjò bá rọ̀, igbe ọ̀pọ̀lọ́ ni kì í jẹ́ ká sùn. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi páànù bò ni ilé wa, ó tò yí àgbàlá kan ká, gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kọjú síra wọn. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni olórí. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, àwọn ìyàwó wọn, àti àwa ọmọ, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wa wà. A ń jẹun nínú abọ́ kan náà títí a ó fi máa ja ìjà ẹja. Ẹni tó bá sùn tì ọ́ lórí ẹní, bí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ, àbúrò rẹ ni.

Mo rántí pé tíṣà wa kan, tí kì í ṣe ará ibí, bi mí léèrè pé ọmọ mélòó ni ìyá mi bí. Èmi náà bi í pé, "Ìyá mi wo, sà?" Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó nà mí. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, inú bí Màmá Àgbà. Ó ní, "Kí ló ń ka ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Wọn kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Àwa rò pé àṣejù àgbà ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Èéyi máa ń dé nígbà ọyẹ́, á kó ọmọ lọ ní yàrá kan kó tó ya èkejì. Iye ọmọ tí Màmá Àgbà ti sin, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. N kò ní parọ́ fún yín pé oyin ni gbogbo ayé ọjọ́un.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Múlíkátù. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí wa. Bí ìyá mi bá lọ sóko, ìyá rẹ̀ ló ń fún mi lọ́mú. Bí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà, ìyá mi ló ń fún un. Ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ní èjí, ó sì máa ń fọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni pé èjí náà kò wù ú, bẹ́ẹ̀ àwa ń jowú rẹ̀. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n mọ́ ni ọmọ pípọ̀n. Ọmọ tó bá sunkún tí apá ìyá rẹ̀ kò ká a mọ́, wọ́n á ní, "Ẹ gbé e fún Múlíkátù." Nígbà tí wọ́n bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Wàsíù, ó gbà á bí ẹni gba ohun ìní rẹ̀. Nígbà tí àwa ń pọn ṣùkù àgbàdo kiri, òun ti ní ọmọ gidi lẹ́yìn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, bàbá Múlíkátù ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti gbéra nílé. Ní ibi iṣẹ́, ó bá àwọn tó gba yàrá sí ìtòsí pàdé, tí wọ́n ń dá gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn, ó sì wù ú. Ó wá bá Màmá Àgbà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ kó lọ sí Ṣógúnlé. Ó súnmọ́ ibi iṣẹ́."

Màmá Àgbà yọ pákò lẹ́nu. "Ta ni yóò máa bá yín wo ọmọ?"

"Ìyá wọn wà níbẹ̀, Màmá."

"Ìyá wọn nìkan?"

Wọ́n kó ẹrù wọn sórí ọmọlanke, Múlíkátù ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú Wàsíù, ó ń bojú wẹ̀yìn wò mí títí wọ́n fi yà sọ́nà. Fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó sùn sí àyè rẹ̀ lórí ẹní wa.

Mo lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan, nígbà Iléyá. Yàrá kọjú sí yàrá nínú ilé náà bíi tiwa, ṣùgbọ́n àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Oníkálukú gbé sítóòfù sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ará ilé náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n kí wa dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló gbé wọn wá láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń bá jáde láràárọ̀. Ọsàn ni ìyá Múlíkátù ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní téṣàn Òṣòdì. Múlíkátù ti fi ṣúkúù sílẹ̀ láti máa wo Wàsíù. Ó ní bó bá ti lè rìn dáadáa, òun á padà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi àti Màmá Àgbà ń bó ẹ̀gẹ́ nínú àgbàlá, ni Múlíkátù bá wọlé. Kò wọ bàtà, eruku dé e lórúnkún, Wàsíù wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti Ṣógúnlé ló ti fẹsẹ̀ rìn wá. Ohun tó sọ fún wa ni pé ara ọmọ náà ti gbóná láti àárọ̀, nígbà tó yá ojú rẹ̀ yí padà, ó gan, ó sì ń gbọ̀n. Múlíkátù kígbe nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́nikẹ́ni nílé àfi ọkùnrin kan tó ti iṣẹ́ alẹ́ dé tó ń sùn. Ọkùnrin náà jáde, ó ń fi èdè ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí títì. Múlíkátù kò gbọ́ ohun tó ń wí. Ló bá pọn ọmọ, ó sáré dé téṣàn Òṣòdì. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti lọ ra ọjà ní Mushin. Ó wá sọdá ojú irin, ó kọjú sí Ìsọlọ̀. Lójú ọ̀nà, ọmọ náà dẹ́kun gbígbọ̀n. Inú Múlíkátù dùn.

"Gìrì ló mú un, Màmá," ló wí, "ṣùgbọ́n ó ti sùn báyìí."

Màmá Àgbà dìde. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà níbi tó fì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀já. Ó wá rọra sọ pé, "O ṣeun, ọmọ mi. O gbìyànjú. Jẹ́ kí n bá ọ sọ̀ ọ́." Ó tú ọ̀já, ó gba ọmọ, ó gbé e wọ yàrá rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí i. Àwọn ìyàwó ilé tẹ̀ lé e wọlé.

Múlíkátù jókòó tì mí. Mo bu omi fún un, ó mu ún tán. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Mo ti dé." Ó bèèrè bóyá oúnjẹ ṣẹ́ kù. Ó ti ń jẹun nígbà tí igbe àwọn obìnrin ta láti inú yàrá.

Àwọn òbí rẹ̀ dé kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá rẹ̀ dúró láàárín àgbàlá bí igi, Màmá Àgbà kò sì sọ pé, "Ṣé mo wí?" Ìyá rẹ̀ yí gbiiri nílẹ̀, nínú ìrora rẹ̀ ló sì kọjú sí Múlíkátù: "Kí ló dé tí o kò dúró dè mí?" Ẹyin lohùn. Bó tilẹ̀ bẹ Múlíkátù lẹ́yìn náà, tó dì mọ́ ọn, tó sunkún, ẹyin ti fọ́.

Múlíkátù kò padà sí Ṣógúnlé mọ́ nígbà náà. Ọ̀dọ̀ wa ló dàgbà sí. Kò sì pọn ọmọ mọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, ó wá wẹ̀ wọ́n fún mi, ó gbé wọn lọ́wọ́, ó ṣeré fún wọn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti na ọ̀já sí i, á ní òun ń gbé nǹkan kaná. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Àwọn àna rẹ̀ rojọ́ títí, ó ní, "Èyí tí mo lè gbé lọ́wọ́ nìyí."

Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ lórí rédíò pé owó ilé àti owó ilé-ìwé ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn bímọ púpọ̀ mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi mọ ẹnì kan tí kì í ṣe nítorí owó. Ṣé Màmá Àgbà ì bá gba Wàsíù là? N kò mọ̀. Òun náà ti sin tirẹ̀. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo dúpẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo bí tó ṣáájú mi lọ, n kò sì ní fi ìyẹn ṣe pàṣípààrọ̀ ayé àtijọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọdébìnrin kan sáré láti Ṣógúnlé títí dé Ìsọlọ̀, láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró pé, "Sọ̀ ọ́ ká wò ó." Ní àgbàlá wa, ọmọ kò lè wúkọ́ kí obìnrin má pé lé e lórí.

Lẹ́yìn ikú Màmá Àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń kó jáde. Ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì lókè.

Múlíkátù kú ní ìgbà òjò tó kọjá, ní Ṣógúnlé, níbi tí ọmọ rẹ̀ kọ́lé sí. Àwa obìnrin agbo ilé wa tó ṣẹ́ kù gbọ́, a sì dé, láti Ìkòròdú, láti Agége, ẹlòmíràn pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Àwa la wẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Àwọn ìyàwó kéékèèké fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, a ní kí wọ́n máa pọn omi wá. Nígbà tó kan ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn yòókù dáwọ́ dúró, wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Mo rọra ń da omi sí i láti èjìká dé ìbàdí, mo sì ń fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, títí wọ́n fi sọ fún mi pé ó ti tó.