Bí Kúbúrá Aláró Ṣe Wádìí Ilé Àna Láti Ojú Sánmà

Bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí eyín méjì tó kù sí mi lẹ́nu bọ́ sínú ẹ̀kọ àárọ̀ ọ̀la. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Kúbúrá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, aláró ni ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Aró ti gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbúnwọ́. Bó bá bu omi fún àlejò, àlejò á kọ́kọ́ yẹ omi náà wò dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Sìdí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní nǹkan bí ọdún 1966, Sìdí ránṣẹ́ sílé pé òun ti rí ọkọ. Ezekiel lorúkọ ẹ̀, erékùṣù kan ní Bàhámà ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ni wọ́n á sì máa gbé. Bí ìyá òun ò bá fọwọ́ sí i, òun ò ní ṣe é.

Agboolé ń jà lórí ẹ̀sìn. Omi ló ń ba Kúbúrá lẹ́rù ní tiẹ̀.

"Ilé tómi yí po! Ta ni ó bá mi wádìí ẹ̀? A kì í fọmọ fún ilé tá ò dé wò."

Akọ̀wé ni mí l'Ágodi nígbà náà. Mo rí magasíìnì kan níbiṣẹ́, àwòrán Bàhámà wà nínú ẹ̀, èyí tí àwọn tó ń fò yí ayé po yà láti ojú sánmà lọ́hùn-ún. Mo dọ́gbọ́n gbé e wálé, mo tẹ́ ẹ síwájú Kúbúrá nídìí aró.

"Ọkọ mi, aṣọ wo lèyí?"

"Kì í ṣaṣọ, òkun ni. Ẹni tó yà á wà lókè."

"Òkè Mápó?"

"Mápó kẹ̀! Ẹ wo funfun yìí, àwọsánmà ni. Abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ló wà."

"Yéè! Ẹni tójò ń rọ̀ lábẹ́ ẹ̀! Á mà lè máa wonú ìkòkò mi báyìí." Ó yára fa ìdérí bo aró.

Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba, ó wo àwòrán náà títí. "Àyìnrín nibí yìí, bí aṣọ téèyàn rì lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ló dé tí ò dúdú?"

"Kò jìn ni. Yanrìn ìsàlẹ̀ ló ń hàn."

"Báwo ló ṣe jìn tó?"

Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé kì í sọ pé òun ò mọ̀. "Orúnkún," mo ní.

Ló bá ká ìró dé orúnkún lójú àwọn oníbàárà, ó gbẹ́sẹ̀ bí ẹni ń wọdò. "Ọmọ mi á lè rìn ín!" Àfi bó ṣe rí ibì kan tó dúdú bí aṣọ ẹtù, tó yọ sáàárín àyìnrín bí ahọ́n. "Èyí ńkọ́?"

"Ibú nìyẹn."

Ó jókòó. "Ọwọ́ ibo nilé wọn wà?"

A ránṣẹ́ lọ bèèrè. Ezekiel fúnra ẹ̀ ló dáhùn: ọwọ́ àyìnrín ni. Ẹsẹ̀ nìyá òun fi ń wọnú òkun lọ ṣa ìgbín omi tí wọ́n ń jẹ.

"Ìyá ọkọ tó ń fẹsẹ̀ wọ òkun, tó sì ń padà wálé jẹun!" Kúbúrá rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tọ́rọ̀ náà ti dé. "Ẹ sọ fún Sìdí pé mo gbà." Ó rẹ aṣọ kan fún àna ẹ̀ obìnrin, ẹ̀ẹ̀kan péré ló rì í, kò jẹ́ kó dúdú.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Àfi ti ìró tó ká yẹn. Ìyàwó ilé wa ò lè ká ìró lójú èrò láéláé. Ó kàn gbẹ́sẹ̀ díẹ̀ ni. Èmi ni mo fi orúnkún ṣe ọ̀ṣọ́ sí i.